Ọtí Dúdú Inú Agolo: Ta Ló Jàre, Ìyá Ọlọ́tí Tàbí Wẹ́dà?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán nílé ọtí. Wẹ́dà á ti ibi iṣẹ́ dé, á nasẹ̀, á ní, “Ìyá, ẹ gbé Odeku wá o, ti agolo ni kẹ́ ẹ fún mi.” Ìyá ọlọ́tí á ní, “Ọmọ mi, ti ìgò ni kó o mu. Ti agolo yẹn, omi lásán ni.” Ó parí! Àwọn tó jókòó á pín sí méjì, ariwo á sọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló jàre, àwọn méjèèjì ló sì jẹ̀bi.

Ilẹ̀ Ireland lọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1759 ni Arthur Guinness gba ilé ìpọntí kan ní St James’s Gate, nílùú Dublin. Àdéhùn 9,000 ọdún ló bá onílé ṣe, £45 lọ́dún. Ẹ̀yin tí onílé ń dà láàmú nítorí owó ilé ọdún kan, ṣé ẹ ò rí nǹkan! Òun nìkan kọ́ ló ń pọn irú ọtí bẹ́ẹ̀. Nílùú Cork, Beamish and Crawford bẹ̀rẹ̀ ní 1792, Murphy’s tẹ̀ lé e ní 1856. Báálì tí wọ́n yan lórí iná títí tó fi dúdú ló ń sọ ọtí náà di dúdú, òun náà ló ń mú un korò díẹ̀ lẹ́nu.

Àmọ́ ọtí dúdú kì í ṣe oríṣi kan. Lọ́dún 1801, wọ́n pọn ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí West Indies. Wọ́n fi kún hops inú ẹ̀, ìyẹn òdòdó kíkorò tí kì í jẹ́ kí ọtí tètè bàjẹ́, wọ́n sì jẹ́ kó le, kó má bàa kan lójú òkun. Ọmọ ìyá ẹ̀ ni Foreign Extra Stout tó wà lọ́dọ̀ wa. Ó ti dé Sierra Leone láti 1827, ó sì di ọmọ onílé nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìpọntí sí Ìkẹjà lọ́dún 1962. Nígbà tí ìjọba fòfin de báálì òkèèrè lọ́dún 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo tiwa ni àwọn olùpọntí sáré mú.

Agolo ńkọ́? Richmond, ní Virginia ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ta bíà inú agolo ní January 24, 1935. Krueger ló pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n ọtí dúdú tí wọ́n ń fà látinú àgbá kò gbà fún agolo, torí ìfófó funfun orí ẹ̀ kì í dúró. Ọdún 1988 ni Guinness rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n fi ike kékeré kan tó ní ihò sínú agolo, afẹ́fẹ́ náítírójìn wà nínú ẹ̀. Béèyàn bá ti ṣí i, afẹ́fẹ́ náà á tú jáde, ìfófó á sì gbéra. Wọ́n gba ẹ̀bùn Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀ lọ́dún 1991.

Ibi tí ìjà ti máa parí rèé. Ọtí alágolo oníke yìí, agbára ẹ̀ kò ju nǹkan bíi 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Foreign Extra jẹ́ 7.5. Ìyá ọlọ́tí jàre níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń rọ Foreign Extra náà sínú agolo, bákan náà ló sì rí pẹ̀lú ti ìgò. Wẹ́dà jàre níbẹ̀. Agolo kọ́ ló ń mú ọtí le, ohun tí wọ́n rọ sínú ẹ̀ ni. Ẹ ka ara ẹ̀!

Fún ẹni tó ń tà á, agolo lóore. Kì í fọ́, ó tètè ń tutù, ìmọ́lẹ̀ kì í wọ inú ẹ̀ ba ọtí jẹ́, ó sì ṣòro fún oníjìbìtì láti tún un dí. Ti ìgò, owó ìgò òfìfo ti há mọ́ ọn. Èyí tí oníbàárà bá fọ́, ọrùn ìyá ọlọ́tí ló wà. Agolo òfìfo, àwọn tó ń da ìkòkò ń wá a kiri. Ṣùgbọ́n ẹ má to agolo sí oòrùn, ẹ má ta èyí tó bá wú, kẹ́ ẹ sì fọ orí ẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó fẹnu kàn án, torí eku ń rìn ní sítọ́ọ̀.

Ọ̀kan tún kù, òun ló sì burú jù. Lọ́dún 1929 ni ìpolówó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé Guinness ń ṣara lóore. Àwọn kan nínú wa gba ọ̀rọ̀ náà débi pé wọ́n ń fún aláboyún ní ọtí dúdú, wọ́n ní á fún un lẹ́jẹ̀. Irọ́ ni o! Ọtí tí ìyá bá mu, ọmọ inú ń bá a mu ún ni, ó sì lè ṣe é léṣe. Ẹ̀fọ́, ẹran, ẹ̀wà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì bá fún un ni kó máa lò.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà àti awakọ̀, ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ìgò ńlá Foreign Extra kan, 60 cl, agbára ẹ̀ ju agolo oníke 44 cl méjì lọ. Ẹni tó bá ní “ìgò kan péré ni mo mu”, ara ẹ̀ ló ń tàn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó máa mu, kó mọ ohun tó ń mu.