Ọlọ́run Kì í Ṣe Adití

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn oníwàásù kan lóde òní tí kò yẹ kí a jẹ́ kí ó kọjá láìdáhùn. Wọ́n ní nígbàkigbà tí ìjọba tàbí ìlú bá fi òfin de ariwo, Ọlọ́run ni wọ́n ń bá jà. Bí a bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rẹ ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn sílẹ̀ ní òru, wọn a dáhùn pé Sátánì ni kò fẹ́ kí a gbọ́ ìhìn rere. Èmi wí pé èsì náà kò tọ́. Òfin tí ó de ariwo kò bá Ọlọ́run jà, níwọ̀n ìgbà tí ó bá de gbogbo ènìyàn bákan náà. Ìjọ Kristi ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ tẹrí ba fún un, kí ó tó yíjú sí ilé ọtí tàbí sí àwọn eléégún. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú ńlá nìkan ni èyí. Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún kì í ṣe Èkó. Ìlú Ìgbómìnà ni, tí òkè yí ká, tí oko rẹ̀ kò sì jìnnà sí ilé. Ṣùgbọ́n nítorí èyí gan-an ni a ṣe nílò òfin ju àwọn ará Èkó lọ. Ní Èkó, ìró ọkọ̀ a máa bo ìró mìíràn mọ́lẹ̀. Ní ìlú tí ó bá dákẹ́ rọ́rọ́ ní òru, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ṣoṣo tí a gbé kọ́ sórí òrùlé lè gba oorun lójú àdúgbò mẹ́ta.

Ta ni ń jìyà rẹ̀? Aláìsàn tí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ ni; abiyamọ tí ó ti pọn ọmọ láti òwúrọ̀ ni; àgbẹ̀ tí yóò jí lọ sí oko nígbà tí àkùkọ bá kọ́kọ́ kọ ni; akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ fún ni. Nínú ìlú wa yìí, Kábíyèsí Ọba Adédòkun Abọ́larìn, tí ó gorí ìtẹ́ Ọ̀ràngún Òkè-Ìlá ní 2006, dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní 2014 fún àwọn ọmọ aláìní, òun tìkára rẹ̀ sì ń wọ kíláàsì láti kọ́ wọn. Kí ni èrè irú làálàá bẹ́ẹ̀, bí ọmọ tí a kọ́ ní ọ̀sán kò bá rí oorun sùn ní òru? Ní 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere pé ariwo inú kíláàsì kò gbọdọ̀ ju 35 dẹ́síbẹ̀lì lọ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ, àti pé kò yẹ kí ó ju 30 lọ nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn sí.

Orílẹ̀-èdè wa pàápàá ti ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 2009, lábẹ́ àjọ tí a ń pè ní NESREA. Òfin náà ka aago mẹ́fà òwúrọ̀ sí aago mẹ́wàá alẹ́ sí ọ̀sán, ó sì ka ìyókù sí òru. Níbi tí ilé gbígbé nìkan wà, ó fi àyè 50 dẹ́síbẹ̀lì sílẹ̀ fún ọ̀sán, 35 péré fún òru. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá mi ṣe ìṣirò díẹ̀. Nínú ìwọ̀n yìí, 10 tí a bá fi kún un, ìlọ́po 10 ni agbára ìró náà ń di. Nítorí náà, bí òfin bá fi àyè 35 sílẹ̀, tí ìró ẹ̀rọ ẹnìkan sì jẹ́ 65, kì í ṣe ìlọ́po méjì ni ó fi kọjá ààlà. 10 lọ́nà 10 lọ́nà 10 ni, èyí tí í ṣe ìlọ́po 1,000.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ àwíjàre àwọn tí kò fẹ́ òfin náà.

Èkíní, wọ́n ní Ìwé Mímọ́ pàṣẹ fún wa láti hó ìhó ayọ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kan náà ni ó sọ fún wa nípa àwọn wòlíì Báálì lórí òkè Kámẹ́lì, tí wọ́n kígbe láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí Èlíjà sì fi wọ́n ṣẹ̀sín pé bóyá ọlọ́run wọn sùn ni. Nígbà tí Èlíjà fúnra rẹ̀ dé Hórébù, kò bá Olúwa pàdé nínú ìjì, tàbí ìṣẹ̀lẹ̀, tàbí iná, bí kò ṣe nínú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Olúwa wa Jésù sì kọ́ wa láti wọ yàrá, kí a ti ilẹ̀kùn, kí a tó gbàdúrà. Ọlọ́run tí ó gbọ́ àdúrà Hánà nígbà tí ètè rẹ̀ nìkan ń mì, kì í ṣe adití. Bí a bá wá ń sọ pé ẹ̀rọ wa gbọ́dọ̀ dé òpin ìlú kí Ó tó gbọ́ wa, Ọlọ́run ta ni à ń sìn? Àwọn ará wa Mùsùlùmí pẹ̀lú ní irú ẹ̀kọ́ yìí: nínú Kùránì, Lùkmánì gba ọmọ rẹ̀ ní ìmọ̀ràn pé kí ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Saudi Arabia, níbi tí Mẹ́kà wà, ìjọba pàṣẹ ní 2021 pé ìpè àdúrà àti ìkàmọ́ nìkan ni kí a máa fi ẹ̀rọ ìta mọ́sáláṣí pè, kí ohùn rẹ̀ má sì ju ìdámẹ́ta agbára ẹ̀rọ lọ. Kò sí ẹni tí yóò wí pé wọ́n ṣe èyí nítorí pé wọ́n kórìíra Ìsìláàmù.

Èkejì, àwọn mìíràn ní ìlù àti ariwo ni àṣà wa, pé àwọn baba wa kò mọ òfin ariwo. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Bí ọba bá wàjà, ṣé ìlù kì í dákẹ́ ni? Bí agogo akéde bá dún, ṣé ilé gbogbo kì í pa rọ́rọ́ láti gbọ́? Àwọn baba wa mọ ìgbà ariwo, wọ́n sì mọ ìgbà ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́yìn èyí, apá onílù a máa rẹ̀ ẹ́, yóò sì lọ sùn. Ẹ̀rọ ni kì í rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ tí ó sé obìnrin mọ́lé nígbà Orò, tí ó sì fi ọkùnrin sílẹ̀ láti máa rìn, kì í ṣe irú èyí tí mo ń wí. Òfin tí yóò mú àlàáfíà wá kò gbọdọ̀ bojú wo ẹni tí yóò dè.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní irú òfin bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbára yóò fi pa ẹnu àwọn tí kò lágbára mọ́. Èyí nìkan ni ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú àwíjàre wọn, èmi kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a rékọjá òkun lọ sí erékùṣù Trinidad, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú wà láyé àtijọ́. Àwọn Kristẹni aláwọ̀ dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń di aṣọ mọ́rí, tí wọ́n ń lu agogo, tí wọ́n sì ń hó nígbà ìsìn. Ní 1917, ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó ka ìsìn wọn léèwọ̀, ariwo sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n. A kò gbé òfin náà kúrò títí di 1951. Ọdún 34 ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi ń sá pamọ́ láti sin Ọlọ́run, nígbà tí agogo àwọn ìjọ ńlá ń dún bí ó ti wù wọ́n. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí àṣìṣe náà wà. Òfin náà kò wọn ariwo, kò sì wo aago. Ẹ̀yà ènìyàn kan ni ó dárúkọ. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí a má ṣe òfin ni ìdáhùn, bí kò ṣe pé kí òfin de ìró àti wákàtí, kí ó má ṣe de ìjọ kankan.

Níhìn-ín ni Èkó ti fi àpẹẹrẹ kan lélẹ̀. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti ilé ìjọsìn Kristẹni 70 àti mọ́sáláṣí 20 pa nítorí ariwo, pẹ̀lú àwọn ilé ìtura àti ilé ọtí bí 10. Ẹnikẹ́ni lè bá wọn jiyàn lórí bóyá ó yẹ kí wọ́n ti ilé pa; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni wọ́n dójú lé.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìlú kò bá jókòó sọ̀rọ̀ ni Accra fi hàn wá. Àwọn Gáà, onílẹ̀ ìlú náà, a máa ka ìlù léèwọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́dọọdún ṣáájú ọdún Homowo. Àwọn ìjọ kan kọ̀, wọ́n ní èèwọ̀ àwọn abọ̀rìṣà kò kan àwọn. Ní May 1998, àwọn ọ̀dọ́ kọlu ìjọ kan ní Korle-Bu nígbà ìsìn, ènìyàn fara pa. Ìjà náà sì tún bẹ́ ní 2001. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fi ẹnu kò: kí ìsìn máa lọ nínú ilé ìjọsìn, kí a má gbé ẹ̀rọ síta ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí tàbí ilé ọtí, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ipá mú òfin ṣẹ bí kò ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ìlú, ọlọ́pàá àti aṣojú àwọn ìjòyè tí wọ́n fi káàdì ìdánimọ̀ sára. Kí ni ìbá ti dí wọn lọ́wọ́ láti ṣe èyí kí ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀?

Nítorí náà, èyí ni ohun tí mo ń fẹ́ kí ìlú bí Òkè-Ìlá ṣe, kí ọ̀rọ̀ tó di ìjà. Kí Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè, ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dayọ̀, àwọn olórí ìjọ, àwọn àlùfáà mọ́sáláṣí, àwọn onísẹ̀ṣe, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn olùkọ́ jókòó pọ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìlànà márùn-ún. Èkíní, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀, kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kankan má ṣe dún jáde kúrò nínú ilé tí ó wà. Èkejì, kí a má kọjú ẹ̀rọ sí ìta ní ọ̀sán, bí kò ṣe fún ìpè kúkúrú. Ẹ̀kẹta, bí ọdún, ìsìnkú, ìgbéyàwó tàbí ìṣọ́ òru bá béèrè ju èyí lọ, kí a gba ìyọ̀ǹda, kí a kọ wákàtí ìparí sí i, kí iye ìgbà tí a óò fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dún sì dọ́gba. Ẹ̀kẹrin, kí ìdákẹ́jẹ́ wà yí ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn ká. Ẹ̀karùn-ún, kí ó jẹ́ pé àwọn tí ìlú yàn ní gbangba nìkan ni yóò máa ṣọ́ òfin, kí wọ́n kìlọ̀ kí wọ́n tó gba owó ìtanràn. Ní ti àwọn ilé ọtí, òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ti fi ìwé àṣẹ títa ọtí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí ohun tí ó dí wọn láti kọ wákàtí ìpalẹ̀mọ́ sínú rẹ̀.

Àwọn alágbà ìjọ yóò wí pé, “Kí a jẹ́ kí àwọn onílé ọtí kọ́kọ́ dákẹ́ ná.” Rárá o. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjọ tí ẹ̀rọ tirẹ̀ ń pariwo kò lè bá ọlọ́tí wí. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ, ẹ̀yin ni a máa ń pè sí ìgbìmọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun. Kí ẹ tó fọwọ́ sí owó náà, ẹ dìde, kí ẹ béèrè ẹni tí ń sùn lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọn kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ọmọnìkejì tí a pàṣẹ fún wa láti fẹ́ràn bí ara wa ni.