Ibùsùn Ọ̀fẹ́ Lórí Òkè: Ta Ni Onílé?

Bí a bá sọ fún àgbà àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ wa pé àwọn kan ń bẹ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ní ilé tí ó dára, tí wọ́n ní ibùsùn tìmùtìmù, tí omi ẹ̀rọ ń dà nínú ilé ìdáná wọn, síbẹ̀ tí wọ́n máa ń fi ilé náà sílẹ̀ lọ sùn lórí òkè nínú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọ̀sẹ̀ kan, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, 'Kí ni wọ́n ń sá fún?' Bí a bá sì tún fi kún un pé níbi tí wọ́n ń lọ yìí, kò sí ilé ìgbẹ́, kò sí omi ẹ̀rọ, kò sí iná mànàmáná, kò sí ẹni tí yóò gbálẹ̀, àti pé àìsí gbogbo nǹkan wọ̀nyí gan-an ni ó dùn mọ́ wọn, bàbá náà yóò mi orí, yóò ní ọrọ̀ ti pọ̀ jù fún wọn ni.

Èmi kì í bá a rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, nítorí ohun kan wà nínú àṣà àwọn ènìyàn wọ̀nyí tí ó yẹ kí àwa náà fi ojú inú wò. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú ìpàgọ́ yìí jù lọ ni àwọn igbó tí ìjọba àpapọ̀ wọn fi pamọ́, irú èyí tí àwa ń pè ní igbó ọba. (Amẹ́ríkà kò ní ọba, ṣùgbọ́n n kò rí orúkọ mìíràn tí ó bá a mu ju èyí lọ.) Ní 1905 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ tí ń bójú tó àwọn igbó náà sílẹ̀. Lónìí, igbó ọba 154 ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ tí ó ń ṣe àbójútó rẹ̀ sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 193 éékà. Orí òkè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìdẹ̀rùn díẹ̀ lè lọ sí àwọn ibùdó tí ìjọba ti tún ṣe, kí ó san owó, kí ó rí tábìlì àti ilé ìgbẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ èyí yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà eléruku lọ títí, yóò gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, yóò wọ inú igbó, yóò sì pàgọ́ sí ibi tí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, onítọ̀hún kò ní san kọ́bọ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni yóò rò pé oníkálukú ń ṣe bí ó ti wù ú. Rárá o. Nínú ọ̀pọ̀ igbó wọ̀nyí, ènìyàn kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 14 lọ lójú kan. Kò yẹ kí ó pàgọ́ sí etí odò. Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún un ni pé kí ó jìnnà sí omi tó 200 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí í ṣe nǹkan bí àádọ́rin ìṣísẹ̀ àgbàlagbà. Bí ó bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ọkọ́ kékeré kan ni yóò mú dání, yóò jìnnà sí omi àti sí àgọ́, yóò gbẹ́ kòtò tí ó jìn tó íǹṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, yóò sì bò ó padà dáadáa. Igi tí ó ti kú tí ó sì ti wó sílẹ̀ ni ó lè fi dáná. Igi tútù di èèwọ̀. Pàǹtí tí ó bá gbé gòkè ni yóò gbé sọ̀ kalẹ̀, ìbáà ṣe èèpo ọsàn. Níbi tí béárì bá wà, oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ inú àgọ́ tí ènìyàn ń sùn sí: orí igi ni wọn yóò so ó rọ̀ sí, tàbí kí wọ́n kó o sínú agolo líle tí ẹranko náà kò lè ṣí. Imú béárì mú púpọ̀, béárì tí ó bá sì ti tọ́ oúnjẹ ènìyàn wò yóò máa wá ènìyàn kiri ni. Ìbọn ni ó sábà máa ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó da egungun adìyẹ sílẹ̀ lórí òkè lè ti pa béárì láì mọ̀.

Èyí tí wọn kì í fi ṣeré rárá ni iná. Lójú wọn, iná tí kò rú èéfín mọ́ kò tíì kú. Wọn yóò da omi sí i, wọn yóò rò ó pọ̀ mọ́ eérú bí ẹni ń ro àmàlà, wọn yóò tún da omi sí i, títí tí wọn yóò fi lè ki ọwọ́ bọ eérú náà. Ẹni tí kò bá lè fi ọwọ́ kàn án kò gbọdọ̀ tíì kúrò níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2011, àwọn ọkùnrin méjì kan pàgọ́ nínú igbó ọba Apache-Sitgreaves, lórí àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní White Mountains ní ìpínlẹ̀ Arizona. Wọ́n dáná. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ rìn kiri, wọ́n rò pé iná náà ti kú, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ dé. Iná tí ó tibẹ̀ sọ jó ju oṣù kan lọ, ó kọjá ààlà wọ ìpínlẹ̀ New Mexico, ó sì jó ilẹ̀ tí ó lé ní 538,000 éékà. Títí di òní, kò tíì sí iná igbó tí ó tóbi tó o nínú àkọsílẹ̀ Arizona. Àwọn méjèèjì gbà níwájú adájọ́ pé àwọn jẹ̀bi. Ẹ kíyè sí i pé wọn kì í ṣe ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun igbó. Ẹni tí ó rò pé ohun tí òun ṣe ti tó ni wọ́n. Mo rò pé irú wọn ni ó pọ̀ jù láàrin wa pẹ̀lú.

Iná nìkan kọ́ ni ó ń gba irú òmìnira yìí lọ́wọ́ ènìyàn. Ní àwọn àfonífojì tí ó yí ìlú Crested Butte ká ní ìpínlẹ̀ Colorado, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè pàgọ́ síbi tí ó wù ú látijọ́, èrò pọ̀ débi pé koríko kú mọ́lẹ̀, ìgbẹ́ ènìyàn sì wà káàkiri. Láti 2021, ojú ibi tí ìjọba fi àmì sí nìkan ni a lè sùn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá débẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ojú àmì ti kún yóò yí padà ni.

Ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé nìyí. Nílé àlejò tí a ń sanwó sí, onílé wà níbẹ̀: ó ń gbálẹ̀, ó ń da pàǹtí nù, ó ń pa iná. Lórí òkè tí kò sí ẹnìkan, àlejò náà ni onílé. Ohun tí owó rẹ̀ ì bá ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò ṣe é.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọgbọ́n òyìnbó lèyí, kò tíì rántí àwọn ọdẹ wa. Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ilẹ̀ yìí ni ọdẹ Yorùbá ti ń fi ọjọ́ púpọ̀ sùn nínú aginjù. Àgọ́ rẹ̀ ni àtìbàbà tí ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Bí ó bá ń dọdẹ lóru, orí ègùn lókè igi ni ó ń gbé. Òkúta mẹ́ta ni ààrò rẹ̀, orí iná náà ni ó sì ti ń yan ẹran kí ó má baà bàjẹ́ kí ó tó délé. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní fàájì, iṣẹ́ òòjọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwà kan wà tí ó bá iṣẹ́ náà rìn. Ọdẹ kì í wọ igbó bí ẹni wọ ọjà. Igbó ní olówó lójú rẹ̀: onílẹ̀ ń bẹ, iwin ń bẹ, Ògún tí ó ni irin ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ, ó sì gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀ pé ọdẹ ni D. O. Fágúnwà fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní 1938. Òǹkàwé ìgbà náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé ẹni tí ó wọ igbó ti wọ ilé onílé.

Ẹ tún wo ààlè. Ẹni tí ó bá ṣa igi ìdáná jọ sínú igbó, tí kò lè rù ú tán lọ́jọ́ náà, yóò fi ààlè lé e, bóyá ṣúkù àgbàdo tàbí àkísà, yóò sì máa lọ sílé. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí àgádágodo. Ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rí i, yóò sì kọjá. Ẹ̀rù ohun tí ààlè lè ṣe wà níbẹ̀, a kò lè sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìtìjú náà wà níbẹ̀. Ìtìjú ni a fi ń ṣọ́ ibi tí kò ní ẹ̀ṣọ́.

N kò fẹ́ sọ àwọn baba wa di áńgẹ́lì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ náà ni wọ́n máa ń dáná sun ìgbẹ́ kí ọ̀yà àti òkété lè sá jáde, ọ̀pọ̀ oko kòkó ni iná bẹ́ẹ̀ sì ti gbé lọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbé àgọ́ lónìí kí ó lọ sùn sínú igbó kan ṣáá. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ igbó di ibùba ni àwọn gómìnà ilẹ̀ wa ti ní láti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020, àwọn ọdẹ sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, a ń sùn lórí òkè, àwa gan-an. Mo ń sọ̀rọ̀ nípa orí òkè àdúrà. Pàápàá láti ìgbà ìsọjí ńlá tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930, gígun orí òkè láti gbààwẹ̀ àti láti gbàdúrà ti di àṣà pàtàkì láàrin àwọn Aláàdúrà, àwọn Mùsùlùmí kan náà sì ti ń gun òkè báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ méje, ọjọ́ mọ́kànlélógún: ẹní kan, aṣọ ìbora kan, orí àpáta. Lórí ọ̀pọ̀ òkè wọ̀nyí, kò sí ẹni tí yóò béèrè owó ibùsùn. Òtòṣì tí kò lè sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì kankan láyé rẹ̀ lè sùn níbẹ̀, kí ó sì rí ìtura gbà. Ohun ńlá ni èyí, òun sì ni ohun tí a ń fi àìbìkítà bàjẹ́. Ọ̀rá omi kún ẹsẹ̀ òkè bí ewé. Àbẹ́là tí a kò pa ń jó lẹ́bàá koríko gbígbẹ nínú oṣù Kìíní. Ẹ̀yìn gbogbo àpáta ti di ilé ìgbẹ́ láì sí kòtò, bí òjò bá sì rọ̀, odò ìsàlẹ̀ òkè ni gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ, odò tí àwọn ará abúlé ń pọn mu. Àwọn àgbà ní bí a bá ṣu sí ọ̀nà oko, a ó bá eṣinṣin lábọ̀. Àwọn tiwa ti wọ mọ́tò padà sí ìlú, ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń bá eṣinṣin náà.

Nígbà tí Ìkẹ́rẹ́ mọ Olósùnta gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni òkè, tí Ìdànrè mọ Orósùn, ẹnikẹ́ni kì í ṣe irú èyí níbẹ̀. A ti fi ìbẹ̀rù yẹn sílẹ̀, a ní Ọlọ́run nìkan ni ó ni òkè. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn. Mo kàn ń béèrè pé bí ó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ni ó ni ín, ṣé bí a ti ń ṣe ilé Rẹ̀ nìyí?

Àwọn kan yóò ní kí a mọ odi yí àwọn òkè náà ká, kí a kọ́ ilé síbẹ̀, kí a máa gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí òkè náà wúlò fún jù lọ ni yóò kọ́kọ́ dúró sí ìsàlẹ̀. Lóòótọ́, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń sùn lóru kan, kòtò oníǹṣì mẹ́fà kò lè tó; ṣáláńgá ni kí a gbẹ́ sí ibi tí ó jìnnà sí odò, iṣẹ́ àwọn ìjọ sì ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà kì í ṣe dandan níbi gbogbo. Lórí òkè Whitney ní California, tí ó ga ju 14,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, wọ́n ti kó àwọn ilé ìgbẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kúrò. Oníkálukú tí ó bá gun òkè náà ń gba àpò kan, inú àpò náà ni ó ń yàgbẹ́ sí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá rí èyí bí ohun ìríra kò tíì wo ẹ̀yìn àpáta tiwa.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó bẹ́ẹ̀. Kí pásítọ̀ àti àlùfáà tí ó ń kó ènìyàn gun òkè sọ fún wọn nílé pé kí olúkúlùkù mú àpò kan dání fún pàǹtí ara rẹ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì mú ọkọ́ kan. Kí wọ́n pe àgbà ọdẹ kan ní ìlú náà kí ó fi ọ̀nà omi hàn wọ́n, kí ó sọ ibi tí a kì í dáná sí fún wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn, kí àdúrà ìparí tó bẹ̀rẹ̀, kí olórí wọn rìn yí àpáta náà ká, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ kan eérú bóyá ó ti tutù.