Bluetooth Désktọ́ọ̀pù Yín Ń Já? Ẹ Wo Ẹ̀yìn Àpótí Kẹ́ ẹ Tó Gbà Kí Wọ́n Fọ́ọ̀màtì Ẹ̀

Bí Bluetooth désktọ́ọ̀pù yín bá ń já, tí orin ń gé lágbede méjì, tí mouse ń fò síbí fò sọ́hùn-ún lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó mutí yó, ẹ má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ tí mo ti bá pàdé, kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́. Windows ò ṣe nǹkan kan. Earpiece náà ò ṣẹ̀. Ibi tí wọ́n ní kí Bluetooth jókòó sí ló ń dà á láàmú. Èrò tèmi ni pé ibùjókòó yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ tún ṣe, torí pé kò ní ná wa ní kọ́bọ̀, tàbí kó ná wa ní owó wáyà kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn la lè wá máa bá Windows jà. Àwọn tó ń ṣe é lódìkejì ló pọ̀ jù, owó àti fáìlì àwọn èèyàn sì ń bá ibẹ̀ lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi obìnrin. Désktọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ní èdè Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ilé ẹ̀. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ohùn tíṣà ń já, àwọn méjì tiẹ̀ ti yọ ọmọ wọn kúrò. Ẹni tó máa ń bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe wò ó fìrí, ó ní Windows ti bàjẹ́, ó fọ́ọ̀màtì ẹ̀, ó gbowó. Iṣẹ́ ọdún méjì, gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ tó ti kọ jọ, bá a lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Bluetooth tún ń já. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ orí ni wọ́n bẹ́ yìí, orí ọ̀hún ò sì yéé fọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, mo yí àpótí kọ̀ǹpútà náà padà. Ẹnu ìdè méjì aláwọ̀ wúrà wà lẹ́yìn ẹ̀, kò sí áńténà kankan lórí wọn.

Kí ló dé tó jẹ́ désktọ́ọ̀pù ni wàhálà yìí mọ̀ jù? Fóònù yín, gíláàsì àti ike wà lára ẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ti to áńténà sí etí ẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Láptọ́ọ̀pù, etí ojú ẹ̀ lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n sábà máa ń fa áńténà tiẹ̀ gbà, níbi tí nǹkan kan ò ti dí i. Désktọ́ọ̀pù ńkọ́? Àpótí irin ni. Irin kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò ráyè kọjá. Ẹni tí ìpè ti já mọ́ lọ́wọ́ rí nígbà tí ilẹ̀kùn lífítì pa dé mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn tó ń ṣe désktọ́ọ̀pù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú ẹnu ìdè áńténà jáde sẹ́yìn. Káàdì kan náà ló sábà máa ń gbé Wi-Fi àti Bluetooth pọ̀, wọ́n sì jọ ń lo áńténà ni. Àmọ́ tí ọ́fíìsì kan ní London bá ń palẹ̀ kọ̀ǹpútà ẹ̀ tó ti gbó mọ́, tí wọ́n ń kó o sínú kọ̀nténà bọ̀ wá Èkó, ta ló máa rántí ọ̀pá kékeré méjì tí wọ́n ti tú sílẹ̀? Ó dé Ìkẹjà láìsí wọn. Ẹni tó ń tà á tàn án, ó rí i pé Bluetooth hàn lójú Windows, ó ní kò sí wàhálà, ó pé. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá tó ń pariwo ṣe wà níbẹ̀. Á gbọ́ earpiece tó bá wà nítòsí. Ẹ ṣáà fẹ̀yìn ti àga báyìí, ó ti já.

Ọ̀pọ̀ désktọ́ọ̀pù ọ́fíìsì ò tiẹ̀ ní káàdì yẹn nínú rárá. Àwọn yẹn la máa ń ra Bluetooth kékeré fún, èyí tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n ń kì bọ ojú USB. Níbo ni wọ́n máa ń kì í bọ̀? Ẹ̀yìn. Lẹ́yìn àpótí irin, lábẹ́ tábìlì, lẹ́bàá ògiri, kí ọmọdé má baà fà á yọ. Àpótí ti dí i, ara ẹni tó jókòó síbẹ̀ tún dí i, torí omi ló pọ̀ jù lára èèyàn, omi sì máa ń fa irú ìgbì yìí mu. Tó bá wá lọ jẹ́ pé hard disk alágbèéká wà nínú ojú USB tó tẹ̀ lé e, ọ̀tá ilé ti dé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ hard disk yìí kì í ṣe àhesọ. Ní 2012, Intel gbé ìwé kan jáde tó fi hàn pé USB 3.0 máa ń da ariwo sórí ìgbì 2.4 GHz. Intel wà lára àwọn tó dá USB sílẹ̀ o, ẹnu oníǹkan la ti gbọ́ ọ. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé: USB 3.0 ń gbé bíìtì bílíọ̀nù 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tó bá ń yí padà kíákíá tó bẹ́ẹ̀ nínú wáyà, ìgbì rédíò máa ń jò jáde lára ẹ̀, látara wáyà àti láti ẹnu ihò tí wọ́n kì í bọ̀. Ìgbì tó ń jò yìí fẹ̀ gan-an, ó sì bo gbogbo ibi tí Bluetooth ti ń sọ̀rọ̀, láti 2402 MHz títí dé 2480 MHz. Nígbà tí wọ́n so hard disk USB 3.0 mọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n sì wọn ariwo náà, ó fi nǹkan bí 20 dB ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìlọ́po 100 nìyẹn. Ẹ wá fi wé Bluetooth fúnra ẹ̀: àwọn tí wọ́n ń pè ní Class 2, tí wọ́n pọ̀ lọ́jà, mílíwáàtì 2.5 péré ni agbára wọn tó ga jù. Gílóòbù wáàtì 10 tó wà ní pálọ̀ yín fi ìlọ́po 4,000 jù ú lọ.

Àwọn kan á ní Wi-Fi aládùúgbò ló fà á. Ó lè dá sí i, àmọ́ wọ́n ń di ẹ̀bi rù ú jù. Bluetooth tó ń gbé orin pín ojú ọ̀nà ẹ̀ sí 79, ó sì ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn nígbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èrò pé kí rédíò máa fò báyìí ti pẹ́. Ní 1942, òṣèré fíìmù kan, Hedy Lamarr, àti ẹnì kan tó ń kọ orin sílẹ̀, George Antheil, gba ìwé ẹ̀tọ́ lé irú ẹ̀ lórí ní Amẹ́ríkà, torí àdó olóró abẹ́ omi. 88 ni ojú ọ̀nà tiwọn, iye ìtẹ̀ ara dùùrù. Láti 2003, Bluetooth ti mọ bí èèyàn ṣe ń wo ojú ọ̀nà tó dí kó sì yà fún un. Wi-Fi kan sábà máa ń gba nǹkan bí 20 nínú 79 yẹn. Ó ṣì ku nǹkan bí 60 tó lè sá sí.

Ariwo USB 3.0 ò fi ibì kankan sílẹ̀ ní tiẹ̀. Ká ní ẹ wà lóde àríyá tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí ẹnì kan ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ lè kọ ojú sí ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ iwájú gbohùngbohùn olórin gan-an ni wọ́n gbé àga yín sí, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ fẹ́ kọjú sí tó máa gbọ́ yín. Àga lẹ máa gbé kúrò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Bluetooth. Ẹ ra wáyà ìfàgùn USB oní mítà kan, kó jẹ́ USB 2.0, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà yín ní 3.0 pé òun ló dára jù. Ẹ fi gbé Bluetooth kékeré yẹn wá sórí tábìlì, níwájú yín, níbi tí irin ò ti dí i. Kẹ́ ẹ wá gbé hard disk lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ojú USB 3.0 sábà máa ń ní ike búlúù nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ẹni tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ní ẹnu ìdè áńténà ní tiẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ mú un lọ sọ́jà, kí wọ́n fún yín ní áńténà tó bá a mu. Àbúrò mi ra méjì, ó dè wọ́n mọ́ ọn, ohùn ẹ̀ ò já mọ́. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ yẹn ò padà.

Àwọn ẹnjiníà á sọ pé, "Driver ni." Ó lè jẹ́ driver o. Ṣùgbọ́n driver tó bàjẹ́ ò mọ ìtòsí yàtọ̀ sí òkèèrè. Torí náà ni mo ṣe máa ń ní kí èèyàn ṣe ìdánwò kékeré kan kó tó gbà fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ so earpiece náà mọ́ fóònù; tó bá ń já níbẹ̀ náà, òun fúnra ẹ̀ lẹ máa wò. Tó bá ṣe dáadáa, ẹ dá a padà sára kọ̀ǹpútà, ẹ tan orin, kẹ́ ẹ gbé e sún mọ́ Bluetooth yẹn, bí ìka ọwọ́ ṣe gùn sí. Kò já? Ẹ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bẹ́ ẹ ṣe ń jìnnà, ìgbì ni, kì í ṣe driver, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ọ̀màtì nǹkan kan. Ẹ tún lè dá hard disk dúró, kẹ́ ẹ yọ ọ́ nígbà tí orin ṣì ń lọ. Bí orin bá là lójijì, ẹ ti mú olè. Àmọ́ tó bá ń já kódà lẹ́bàá Bluetooth gan-an, tí kò sí hard disk nítòsí, a jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà la máa wọ̀.

Inú kọ̀ǹpútà náà, nǹkan bíi mẹ́ta ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Windows lè máa pa Bluetooth láti fi dín iná kù: ẹ lọ sí Device Manager, ẹ wá Bluetooth yín, ẹ tẹ Power Management, kẹ́ ẹ yọ àmì tó wà níwájú "Allow the computer to turn off this device to save power". Iná tó ń gbà kéré débi pé ẹni tó wà lórí inverter pàápàá ò ní mọ ìyàtọ̀. Tó bá jẹ́ pé Bluetooth pòórá lójú Windows pátápátá, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé Shut down, torí tí Fast Startup bá wà ní títàn, Windows kì í kú tán. Restart lẹ máa lò. Tí kò bá tíì hàn, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ tó dá wáyà padà. Ẹni tó bá sì ti ní Bluetooth nínú kọ̀ǹpútà tó tún wá ra kékeré kún un, kó pa ọ̀kan ní Device Manager. Windows ò lè lo méjì pọ̀.

Ohun kan wà tí kì í ṣe jíjá rárá, táwọn èèyàn sì máa ń kà mọ́ ọn. Orin ń lọ dáadáa, ẹ dáhùn ìpè, ohùn bá di bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú agolo. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Àyè tí Bluetooth fi ń gbé orin kò gba ohùn yín padà, nígbà tí ẹnu gbohùngbohùn bá ṣí, ó máa bọ́ sí ọ̀nà míì tó wà fún ìpè, èyí tó kéré sí ti orin gan-an. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí earpiece máa gbọ́ nìkan, kẹ́ ẹ lọ yan gbohùngbohùn míì nínú ètò ohùn Windows.

Bluetooth tuntun ńkọ́, èyí tí wọ́n kọ 5.3 gàdàgbà sí lára páálí? Èmi ò ní rà á kí n tó gbìyànjú wáyà ìfàgùn. Nọ́ńbà ò ń yọ ariwo kúrò nínú afẹ́fẹ́. Nǹkan tí wọ́n kọ sára páálí yẹn pàápàá, ẹ má gbà á gbọ́ tán: ayédèrú chip CSR pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú yìí débi pé àwọn tó ń kọ Linux ní láti kọ kóòdù tó dá yàtọ̀ sínú ẹ̀, kó lè dá a mọ̀ kó sì máa fọgbọ́n bá a lò. Owó yẹn, ẹni tó ń fi ìpè jẹun lè fi ra earpiece oníwáyà kan sínú dúrọ́à, fún ọjọ́ tí gbogbo èyí ò bá ṣiṣẹ́.