Ojú Kọ̀ǹpútà Méjì, Orí Kan

Olóòtú,
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n bá àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ sọ̀rọ̀. Akọ̀wé owó ni mí. Nígbà tí wọ́n gbé ojú kọ̀ǹpútà kejì sórí tábìlì mi, inú mi dùn. Ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́ wà lápá ọ̀tún, ti báńkì wà lápá òsì, mo ń fi wọ́n wéra wẹ́rẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni ojú méjèèjì ń bá mi ṣe.

Àfi bí ọ̀gá ṣe ní kí n tún máa fi ìkejì dá àwọn oníbàárà lóhùn. Wọ́n ní, “Ṣebí méjì la rà fún ọ!” Lọ́jọ́ kan, níbi tí mo ti ń yíjú síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo kọ owó oṣù baba ọlọ́dẹ wa sórúkọ ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni baba fi ń yáwó jẹun.

Láti 1998 ni Windows 98 ti gbà kí kọ̀ǹpútà kan ní ojú púpọ̀. Orí ẹ̀dá ńkọ́? Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò pa.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ra ojú mẹ́rin bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti di ti ẹni méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹnì kejì síṣẹ́.

Akọ̀wé Owó,
Ìbàdàn.