Kí ọmọ babaláwo bá wọn túmọ̀ Bíbélì?



Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Kàbà ló bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè fi ẹnu kan dáhùn. Babaláwo ni bàbá rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni òun ń lọ. Àwọn kan nínú ìjọ rẹ̀ ń sọ pé ó yẹ kí Ìwé Mímọ́ wà ní èdè Òwé, wọ́n sì fẹ́ kó bá àwọn dá sí i, nítorí ó gbọ́ èdè náà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Bàbá ní kó má lọ: wọ́n á tún fi ẹnu ọmọ òun bú òrìṣà òun.

Ẹ̀rù bàbá yìí kì í ṣe àsọdùn. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ni àgbà nínú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Odindi Bíbélì parí ní 1884. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kì í ṣe eré. Àwọn kan nínú wa máa ń bú u bí ọ̀tá; n kò sí nínú wọn. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó tẹ̀ jáde ní 1852 kún fún òwe, ta ló sì ni òwe nígbà náà bí kò ṣe àwọn àgbà tó ń bọ Ifá, tó ń bọ Ògún? Ìyá tó bí i, Àfàlá, 1848 ló tó ṣe ìrìbọmi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣa ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń rúbọ fún Ọlọ́run, wọn ò pè é ní àwòrò, wọn ò pè é ní babaláwo. Àlùfáà ni wọ́n mú lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Ẹni tí Ọlọ́run ń rán níṣẹ́ di wòlíì. Àdúrà àti ìwàásù, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wọlé. Ìgbà tó wá kan ọ̀tá Ọlọ́run, ilé wa ni wọ́n yà sí. Wọ́n mú Èṣù.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn ò ṣaláìní ọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú ìwé Jóòbù, Sàtánì ni wọ́n kọ, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Nínú Mátíù orí kẹrin, níbi ìdánwò Jésù, ó di Èṣù. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀, abanijẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ta ni Èṣù bà jẹ́? Èṣù tí a mọ̀, òun ló ń gbé ẹbọ dé ibi tó ń lọ. A kì í rúbọ ká má yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀. Iṣẹ́ Olódùmarè ló ń jẹ́, kò bá a ṣọ̀tẹ̀ rí. (Kí n má purọ́ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan: àwọn tó túmọ̀ Kùránì náà lo Èṣù.)

Ní ilẹ̀ Òkun, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Yorùbá inú Bíbélì, ti Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi Òwé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀ léèrè. Ogun Núpé ló ń lé àwọn baba wa kiri nígbà náà, títí àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger fi gba Kàbà kọjá lọ sí Bídà ní 1897. Nígbà tí Tommy Titcombe ti Sudan Interior Mission dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, Bíbélì náà ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún. Ìdájọ́ tí wọ́n ti dá fún Èṣù níbòmíràn ni wọ́n gbé wá bá wa. N kò bá àwọn baba wa wí pé wọ́n gbà á: ẹni tí wọ́n ti ń kó lẹ́rú, tí ẹnìkan wá fún ní ìwé àti ilé ẹ̀kọ́, kò ní máa yẹ ọ̀rọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fábùnmi di Olúbùnmi. Èṣùbíyí ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ pamọ́. Ọmọdé tí kò tíì rí ojúbọ Èṣù rí ń fi ariwo lé e jáde ní àárọ̀ Sọ́ńdè.

Síbẹ̀, ọmọ mi, lọ. Òwé náà ń fẹ́ ìwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kàbà tó wà ní Àbújá àti Èkó kò lè sọ ọ́ délẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ bá sì kọ kì í tètè kúrò: èyí tí wọ́n kọ ní 1884 ti lé ní ogóje ọdún. Bí ìwọ tí o mọ Èṣù kò bá jókòó síbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò jókòó.

Nígbà tí ẹ bá dé Mátíù orí kẹrin, gbé kálàmù sílẹ̀. Sọ fún wọn pé Sàtánì wà nínú Jóòbù tẹ́lẹ̀, kí wọ́n mú un dé ibí yìí náà. Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn kò ní fi ẹyọ kan dín. Ẹgbẹ́ Bíbélì ti Nàìjíríà pàápàá lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ti Yorùbá bí wọ́n bá tún un tẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó lọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá kan orí kẹrin, ẹ bá a lọ, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ iṣẹ́ tí Èṣù ń ṣe fún wọn. Bí wọ́n bá ní kí babaláwo má wọlé, ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kí ọmọ yín máa jáde wá bi yín. Kí ẹ sì kọ̀wé sí mi, kí n mọ èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀.