Èéfín Texas kò mọ ààlà Oklahoma

Láti ọdún 1999 ni òfin ti ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan l'Amẹ́ríkà gbé ètò kalẹ̀ lórí bí yóò ṣe dín èéfín iléeṣẹ́ kù, kí ojú ọ̀run lè mọ́ kedere ní ọgbà àti igbó 156 tí ìjọba ń dáàbò bò, ó pẹ́ tán, ní 2064.

Ẹ wo Texas. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi èédú pèsè iná mànàmáná níbẹ̀ ń tú èéfín imí ọjọ́ jáde. Afẹ́fẹ́ á gbé e dé àwọn òkè Wichita ní Oklahoma, á di eruku kíkúná tó ń bo ojú ọ̀run, tó sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 2016, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín síbẹ̀. Texas gba ilé-ẹjọ́ lọ, ilé-ẹjọ́ sì dá àṣẹ náà dúró. Ẹni tó ń jẹ èrè kọ́ ló ń fa èéfín!

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, EPA, àjọ tó ń bójútó àyíká, kéde pé òun fẹ́ tún ètò náà tò. Kò burú, nítorí ìwé rẹ̀ pọ̀ jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí EPA má ṣe jọ̀wọ́ agbára tó fi lè pàṣẹ fún ìpínlẹ̀ tí èéfín rẹ̀ ń da aládùúgbò láàmú. Oklahoma kò lè dá Texas lẹ́kun.