Ẹ̀tọ́ Láti Wọ Igbó Kì í Ṣe Àyè Láti Bà á Jẹ́

Nígbà tí àwọn agùnpáta bá ń pète ìrìn àjò sí àwọn igbó Skandináfíà, mo máa ń fetí sí ohun tí wọ́n ń kà sílẹ̀: bàtà tí ó fún mọ́ ẹsẹ̀, tìmùtìmù tí wọn yóò tẹ́ sísàlẹ̀, nítorí pé wọn kì í lo okùn, ẹfun tí wọn yóò fi pa àtẹ́lẹwọ́, búrọ́ọ̀ṣì tí wọn yóò fi ha ara òkúta. N kò tí ì gbọ́ kí ẹnì kan nínú wọn béèrè pé, 'Ta ni ó ni igbó yìí?' Bí èmi bá sì béèrè, èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi: òfin ti fún gbogbo ènìyàn láyè.

N kò sọ pé irọ́ ni. Ní Swídìn, wọ́n kọ ẹ̀tọ́ yìí, allemansrätten, sínú òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà ní 1994. Ní Nọ́wè, òfin 1957 ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ lè gba inú igbó onígbó kọjá láìtọrọ àyè. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Òfin ìpìlẹ̀ Swídìn dárúkọ ẹ̀tọ́ náà ni, kò to ààlà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àṣà àtayébáyé kó ipa pàtàkì nínú sísọ ibi tí ó mọ. Ohun tí àṣà bá sì gbé ró, ìwà ni ó ń dì í mú. Àwọn ará Swídìn fúnra wọn ti pa á pọ̀ sójú kan: má ṣe yọ ni lẹ́nu, má ṣe ba nǹkan jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn tí mò ń wí. Ẹ̀tọ́ náà kò kan ọkọ̀, síbẹ̀ wọn a gbé ọkọ̀ dí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ agégẹdú ń gbà. Wọn a dáná sórí àpáta gbalasa, ooru a sì là á; bẹ́ẹ̀ ní Nọ́wè, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, òfin kò gba iná nínú igbó tàbí nítòsí rẹ̀, àyàfi níbi tí ó bá dájú pé kò lè ràn. Wọn a ha ewéko wẹ́wẹ́ tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bo òkúta, kí ọwọ́ wọn lè rí nǹkan dì mú. Kjugekull ní Skåne, tí òkìkí rẹ̀ kàn láàárín wọn, igbó tí ìjọba dá sí ni, ó sì ní òfin tirẹ̀. Mélòó nínú wọn ni ó kà á kí ó tó gbéra?

Wọ́n lè wí pé àwọn díẹ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí onígbó bá bínú, tí ó fi igi dínà, tí ó sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ rẹ̀, ẹni rere àti ẹni burúkú ni yóò jọ padà sílé. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń pète kí ó kọ́kọ́ wádìí ẹni tí ó ni ilẹ̀, ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, àti ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ó tó ra bàtà. Lóòótọ́, òfin kò ní kí a tọrọ àyè; ṣùgbọ́n ọmọlúàbí a máa kí onílé.